Kọ̀ǹpútà ilé tó ń fà: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń lọ́ra kí ẹ tó náwó

Láptọ́ọ̀pù tí a ń lò nílé wa ní Òṣogbo kì í ṣe ọmọ àná. CPU rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́) jẹ́ Core i5 ìran kẹta, RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 4GB, hard disk rẹ̀ (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) jẹ́ 500GB, irú èyí tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tòkunbọ̀ la rà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bí a bá tàn án, èèyàn lè pọn omi, kó fọ abọ́, kó tó gbà kí a ṣí fáìlì kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tí mo bi tí kò ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Òmíràn ní kí n fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó ń ta ọjà lọ́nà Ọlá-Ìyá, ní kí n tà á ní gbàǹjo kí n fi owó lé e ra òmíràn lọ́wọ́ òun. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó tan ẹ̀rọ náà wò nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà kì í fà ní gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kan ló máa ń lọ́ra, àwọn yòókù á wá jókòó máa dúró dè é. Ẹni tó bá ra RAM fún ẹ̀rọ tó jẹ́ pé hard disk rẹ̀ ló ń lọ́ra ti sọ owó ẹ̀ sódò Ọ̀ṣun.

Ẹ wò ó kí ẹ tó tú u

Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á jáde. Bó bá jáde ní kékeré, ẹ tẹ "More details" nísàlẹ̀, kí ẹ wá lọ síbi "Performance". Nǹkan mẹ́ta ni ẹ máa wò níbẹ̀: CPU, Memory àti Disk.

Bí Disk bá wà ní 100% tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo "Read speed" tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ lè bá a pé 1MB tàbí 2MB péré ló ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ ó ní ọwọ́ òun ti kún. Ọwọ́ ẹ̀ kún lóòótọ́. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí, ó sì ní apá kan tó ń sún síwá sẹ́yìn lórí àwo náà láti ka ohun tó wà níbẹ̀. Àwo tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan ṣoṣo ń gba bíi milliseconds 11, ẹ ò tíì ka àkókò tí apá yẹn fi ń sún. Bí fáìlì bá tóbi tó sì wà lójú kan, ó lè ka tó 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ló ń wá, apá yẹn kò sì lè dé ju bí ibi 80 sí 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD, ohun ìtọ́jú fáìlì tó ń rọ́pò hard disk, ò ní àwo, kò ní apá. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún ibi ló ń dé láàárín àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, fún ẹ̀rọ tó ṣì ń lo hard disk, kò sí àtúnṣe mìíràn tó tó pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD.

Bó bá jẹ́ Memory ló wà ní 85% sókè, tó sì jẹ́ browser nìkan lẹ ṣí, RAM ni. Bó bá jẹ́ CPU ló kún, ẹ wo iye tó wà níbi "Speed", kí ẹ fi wé "Base speed" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan fi ara pamọ́ sí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kì í bojú wò.

Ṣájà lè sọ kọ̀ǹpútà di ìgbín

Base speed ẹ̀rọ tiwa jẹ́ 2.60GHz. Ohun tí Speed ń sọ ni 1.20, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ kékeré, ìbáà jẹ́ ńlá, kò gòkè rárá. Ṣájà ló fà á. Ẹnu ṣájà náà wọ ihò, iná ẹ̀ ń tàn, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò fura sí i?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ kan, Dell la mọ̀ jù nínú wọn, ní abẹ́rẹ́ tínrín kan láàárín ẹnu ṣájà. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá ṣájà watt 65 ni tàbí 90. Bí kọ̀ǹpútà ò bá rí ìdáhùn gbà lára abẹ́rẹ́ náà, kò ní jẹ́ kí bátìrì gba iná, á sì dín ìyára CPU kù kó má bàa fa iná ju ohun tí ṣájà lè gbé lọ. Ó lè dúró sí 0.8GHz tàbí 1.2GHz títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ̀rọ yín bá ń kọ ọ́ sójú nígbà tí ẹ bá tàn án pé òun kò dá irú ṣájà yìí mọ̀, tí ẹ sì ń tẹ bọ́tìnnì kan fò ó lójoojúmọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ yá ṣájà ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ fi dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹnu ṣájà tiyín: nígbà mìíràn ojúlówó ni, abẹ́rẹ́ àárín ẹ̀ ló tẹ̀ tàbí tó ṣẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ọ̀rọ̀ iná: bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ń fi ìka fà lójú kíbọ́ọ̀dù ń wú sókè, tàbí pé ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù ò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́, bátìrì ló wú. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ bátìrì, ẹ má gún un, ẹ má sì tún fi iná sí i. Ọ̀rọ̀ ìyára lè dúró.

Eruku àti ooru

Ẹni tó bá gbé Òṣogbo mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe láti Oṣù Kejìlá lọ, pàápàá ládùúgbò tí ọ̀dà ò tíì dé ojú ọ̀nà. Eruku pupa yẹn á gba ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù wọlé, fáànù á sì fà á lọ sínú. Bí CPU bá gbóná dé bíi 95 sí 100°C, fúnra ẹ̀ ni yóò dín ìyára kù kó má bàa jóná. HWMonitor wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa fi ooru náà hàn yín. Bí ẹ̀rọ yín bá yára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí fáànù ṣe ń pariwo, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn tó ní blower máa ń fẹ́ ẹ láti ìta, wọ́n á gba owó, ó parí. Èyí kì í tó. Láàárín fáànù àti àwọn irin pẹlẹbẹ tínrín tí atẹ́gùn ń gbà jáde, eruku, irun àti òwú aṣọ ibùsùn ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó nípọn bí òwú tí wọ́n ń tì sínú ìrọ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ láti ìta, ẹ kàn ń tì í padà sí ara fáànù ni. Ó di dandan kí ẹ tú fáànù kúrò lára irin náà kí ẹ fi ọwọ́ bó eruku yẹn, á sì jáde lódidi.

Kí ẹ tó tú u, ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán. Ẹ fi ọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Lásìkò ọyẹ́, ara èèyàn máa ń gbé iná tó lè ba RAM jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù kì í gùn bákan náà. Ẹ ya àwòrán ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà sórí páálí, kí ẹ máa gún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì gígùn tó bá wọ ihò kúkúrú lè gún pákó inú jáde lápá kejì, ẹ̀rọ á sì kú pátápátá. Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ eruku, ẹ fi igi ìtayín di ọwọ́ fáànù mú kó má yí, nítorí blower lè yí i kọjá agbára rẹ̀ kó sì ba ìdí ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀dà funfun tàbí eérú tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gbé ooru lọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ó ti lè gbẹ bí amọ̀. Ẹ béèrè fún "thermal paste". Ẹ fi isopropyl alcohol, 90% sókè, nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ wá fi tuntun sí i. Ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan tàbí méjì ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á ṣàn dànù. Nọ́ńbà máa ń wà lára àwọn nọ́ọ̀tì irin yẹn, 1 dé 4. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dè wọ́n, ní títẹ̀lé nọ́ńbà, ẹ má de ọ̀kan gan-an kí òmíràn tó wọlé. Bí ẹ bá sì rí ohun rírọ̀ aláwọ̀ búlúù tàbí eérú tó nípọn bíi 1mm lára ṣípù mìíràn, ẹ dá a padà bó ṣe wà. Àyè tó wà níbẹ̀ tóbi ju ohun tí thermal paste lè dí.

Hard disk: ẹ kó ẹrù jáde kí ilé tó wó

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí hard disk, ẹ bi í bóyá ara ẹ̀ le. CrystalDiskInfo ni mo máa ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ "Good", kò burú. Bó bá kọ "Caution" lórí àwọ̀ ìyeyè, ẹ wo ìlà méjì: 05, èyí tó ń sọ iye ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti pààrọ̀, àti C5, iye ibi tó ń gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Bí C5 bá ti kúrò ní òdo, ẹ jáwọ́ nínú gbogbo "defrag" (tó ń to fáìlì jọ) àti "chkdsk" (tó ń yẹ disk wò). Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn máa ń mú disk ṣe iṣẹ́ àṣekára fún wákàtí púpọ̀, ìgbà tó sì ń ṣiṣẹ́ yẹn ló máa ń kú. Fáìlì tí kò ṣeé rà lọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó: àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ọdún Ọ̀ṣun láti ọdúnmọ́dún, ìwé ilé, iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ. Fíìmù lè dúró sẹ́yìn. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

SSD tó bá láptọ́ọ̀pù ayé ìgbà yẹn mu ni èyí tó fẹ̀ ní 2.5 inch, tó ń lo SATA (ẹnu tí hard disk fi ń so mọ́ ẹ̀rọ). Fún ilé, 240GB tàbí 256GB ni mo máa gbani nímọ̀ràn. 120GB máa ń kún kíákíá, Windows àti Office nìkan á ti jẹ apá tó pọ̀ nínú ẹ̀. Hard disk àtijọ́ nípọn ní 9.5mm, SSD nípọn ní 7mm, nítorí náà ó lè máa mì nínú ihò ẹ̀. Férémù ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà nínú páálí àwọn SSD mìíràn fún èyí; bí kò bá sí, ẹ gé páálí tó gbẹ fi dí àyè náà. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ rántí ra wáyà SATA, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnu wáyà iná SATA kan ṣẹ́kù lára power pack.

Àwọn tó ní Core 2 Duo máa ń bi mí bóyá ó tọ́ láti ra SSD fún un. SATA inú ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá bíi 280MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí SSD lè ṣe tó 550MB. Kò séwu. Ìyára wíwá fáìlì wẹ́wẹ́ lẹ ń rà, 280MB yẹn sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ náà nílò. SSD kékeré tó rí bí RAM, tí wọ́n ń pè ní M.2, kò wúlò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Kódà níbi tí ihò ẹ̀ bá wà, irú méjì ló wà, SATA àti NVMe, ihò tó ń gba SATA nìkan kò ní rí NVMe rárá.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Èyí tí wọ́n kọ 1TB tàbí 2TB sí lára, tí owó ẹ̀ kéré ju ti 240GB ojúlówó lọ, ẹ má dúró bá a ná an. Wọ́n ti tú irú ẹ̀ wò rí tó jẹ́ pé memory card fóónù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Á gba fáìlì yín, á fi orúkọ wọn hàn, ohun tó wà nínú wọn á sì ti sọnù. Nǹkan méjì ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń so ó mọ́ CrystalDiskInfo, kí n wo "Power On Hours": SSD tí wọ́n ní tuntun ni, tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, ti ẹlòmíràn ni. Lẹ́yìn náà, mo máa ń lo H2testw láti kọ nǹkan kún un dé etí, kó sì kà á padà. Èyí lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ bá ọlọ́jà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ara SSD náà wà nínú rìsíìtì. Ọlọ́jà tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ kí i, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ṣé kí ẹ da ohun tó wà nínú ti àtijọ́ kọ sínú tuntun ni, àbí kí ẹ fi Windows tuntun sí i? Bí ó bá jẹ́ tèmi, tuntun. Àdàkọ á kó gbogbo pàǹtírí ọdún mẹ́wàá bá yín lọ. Ṣùgbọ́n bí sọ́fítíwíà kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ ò ní rí fi sí i mọ́, Clonezilla máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú wáyà tó ń so SATA mọ́ ihò USB. Ohun tó máa ń dá a dúró ni pé kì í fẹ́ da disk 500GB kọ sínú 240GB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 90GB péré ni fáìlì inú ẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ wọ inú Disk Management, kí ẹ lo "Shrink Volume" títí ìpín náà á fi kéré ju SSD lọ, kí ẹ sì yan nínú Clonezilla pé kó má yẹ ìwọ̀n disk méjèèjì wò. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí NEPA ń fi iná ṣeré. Àdàkọ tí iná gé ní ìdajì ò wúlò, ẹ máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Fún Windows tuntun, flash 8GB ti tó, sọ́fítíwíà Rufus ni ẹ ó fi gbé e sórí rẹ̀. Ẹ fi dátà bíi 6GB sẹ́yìn fún gbígba fáìlì Windows 10. Ẹ yọ hard disk àtijọ́ kúrò pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, Windows lè fi ohun tó fi ń jí sórí rẹ̀ dípò SSD. Ọjọ́ tí ẹ bá wá yọ ọ́, ẹ̀rọ ò ní tàn mọ́. Kí ẹ sì wọ BIOS (ibi ètò ẹ̀rọ tó ń ṣí kí Windows tó jí), F2 ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, F10 lórí HP, kí ẹ rí i pé ibi SATA wà lórí AHCI, ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń bá disk sọ̀rọ̀, kò wà lórí IDE, ọ̀nà àtijọ́. Bí ẹ bá ti fi Windows sí i lórí IDE kí ẹ tó mọ̀, ẹ má kàn yí i padà, ojú búlúù ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ lọ síbi msconfig, níbi tí a ti ń ṣètò bí Windows ṣe ń jí, ẹ yan "Safe boot", ẹ tún un tàn, ẹ wọ BIOS yí i sí AHCI, ẹ jẹ́ kó jí ní Safe Mode lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá yọ "Safe boot" náà kúrò.

Ẹ̀rọ wa tó máa ń jẹ́ kí a pọn omi, lẹ́yìn tó gba SSD, kò gba ìdajì ìṣẹ́jú mọ́ kó tó jí. Hard disk àtijọ́, bí ara ẹ̀ bá ṣì le, ẹ lè gbé e sínú àpótí USB, tàbí kí ẹ yọ ilé DVD tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, kí ẹ ra férémù tó ń gba hard disk síbẹ̀. Ẹ wọn ìnípọn DVD náà kí ẹ tó lọ sọ́jà: 9.5mm wà, 12.7mm wà, ọ̀kan kì í wọ ibi èkejì.

RAM, ní ṣókí

Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB máa ń rọ́jú lórí Windows 10. 8GB ló bá a mu. CPU-Z á sọ fún yín irú èyí tó wà nínú ẹ̀. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni DDR3 àti DDR3L: wọ́n jọra bí ìbejì, ẹsẹ̀ 204 ni wọ́n ní lórí láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n 1.5V ni DDR3 ń jẹ, 1.35V ni DDR3L. Lára wọn, ẹ wo PC3 àti PC3L. DDR3L máa ń bá ẹ̀rọ DDR3 ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù láti ìran kẹrin Core i5 wá sókè, L nìkan ni wọ́n fẹ́, ẹ fi DDR3 lásán sí i, kò ní tàn. Bí ihò bá jẹ́ méjì, 4GB méjì sàn ju 8GB kan, nítorí pé CPU á lè bá méjèèjì sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Bí Windows yín bá sì jẹ́ 32-bit, kò lè lo ju 4GB lọ, ì báà jẹ́ 16GB lẹ rà.

Ẹ tì í wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, títí ẹsẹ̀ wúrà náà ò fi ní hàn mọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó dún "ko". Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú lẹ́yìn náà, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà ìpàwé pa ẹsẹ̀ wúrà náà, ẹ nu ún, ẹ tì í padà.

Àwọn tó kù

Inú Windows fúnra ẹ̀, ohun tó wúlò kò pọ̀. Ẹ wọ "Startup" nínú Task Manager, ẹ pa gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láìnídìí. Ẹ má fi antivirus méjì sínú ẹ̀rọ kan. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí, àwọn méjèèjì á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún Windows pé Wi-Fi tí ẹ fi fóónù ṣe jẹ́ "metered", kó yéé fi dátà yín gba ìmúdójúìwọ̀n ní ìdákọ́ńkọ́. Àwọn sọ́fítíwíà tó ń pariwo pé àwọn á sọ kọ̀ǹpútà di ọ̀tun, tí wọ́n ń ka "àṣìṣe 1,200" lórí ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows sí, olè ni mo pè wọ́n. Ẹ má sì ṣe defrag SSD. Kò ní apá tó ń sún, ẹ kàn ń jẹ ẹ̀mí ẹ̀ lásán ni.

Bí aago ẹ̀rọ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá yọ iná, tí browser sì ń sọ pé gbogbo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì léwu, bátìrì CR2032 inú ẹ̀ ló kú. Ohun kékeré tí àwọn èèyàn ń san owó fọ́ọ̀mátì lé lórí nìyẹn.

Microsoft jáwọ́ nínú àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ gbogboogbò fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0 (ṣípù ààbò) àti Intel ìran kẹjọ sókè. Rufus lè fo ìbéèrè yìí fún Core i5 ìran kẹta. Ní ti Core 2 Duo, láti ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 lọ, kò ní jí rárá, nítorí àṣẹ kan tí Windows ń pè nínú CPU, POPCNT, kò sí nínú ẹ̀. Fún irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint Xfce, ètò tó ń rọ́pò Windows, ni mo máa ń fi sí i. Fáìlì ẹ̀ tó bíi 3GB, ẹ sì lè máa lò ó láti orí flash kí ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú disk. Ẹni tó ń fi CorelDRAW jẹun ní ilé ìtẹ̀wé kò gbọdọ̀ bá wa lọ síbẹ̀, nítorí kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹni tó jẹ́ pé browser àti lẹ́tà títẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀, àyàfi pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ nínú Word lè yí ìtò padà díẹ̀ nínú LibreOffice, èyí tí a ń lò níbẹ̀ dípò Word.

Ohun kan ṣẹ́kù tí SSD àti RAM ò lè wò sàn. Fídíò YouTube á ṣì máa já lórí ẹ̀rọ ìran kẹta, fáànù á sì ké. Fídíò tí YouTube ń fi ránṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní VP9, ṣípù àwòrán inú ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè yẹn, CPU nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ fi h264ify kún browser yín. Á fi dandan gba H.264 lọ́wọ́ YouTube, èyí tí ṣípù náà gbọ́ dáadáa. Kí ẹ sì fi fídíò sí 480p. Lójú láptọ́ọ̀pù inch 14, ó ṣeé wò, kì í sì í jẹ dátà bíi ti 1080p.